Ọlọ́gbọ́n Ní Í Jó O: Àgbéyẹ̀wò Ìlò Ẹ̀rọ Afura nínú Orin àti Ijó

Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa kọ òwe yìí sílẹ̀ nínú ìdánwò gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ òwe tí ó jẹ mọ́ ọgbọ́n, wọn a sì kọjá lọ. Ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró tì í díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé odidi èrò nípa ohun tí ijó jẹ́ lójú Yorùbá ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ń lu ìlù, ẹnì kan ń jó o, ẹnì kan sì ń mọ ohun tí ìlù náà ń sọ. Ẹni tí ó bá jó láìmọ ohun tí a ń lù, ara lásán ni ó ń mì. Èrò yìí ni a fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n fún irú ìṣeré tuntun kan tí ó ti ń wọ àárín wa, èyíinì ni ìṣeré tí ẹ̀rọ ti ń wo ara oníjó, tí ó ń sọ ìrìn ara náà di òǹkà, tí ó sì ń fi òǹkà náà dá orin tàbí àwòrán sílẹ̀ nínú ayé àfarawé inú kọ̀ǹpútà.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a la ọ̀rọ̀ méjì yé ara wa. Sẹ́ńsọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pe ohun tí ó ń wo ara oníjó yìí. Àwa yóò pè é ní ẹ̀rọ afura, nítorí pé kò ní làákàyè. Ohun tí ó lè ṣe kò ju pé kí ó fura pé nǹkan yí padà: pé ọwọ́ gòkè, pé ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, pé nǹkan dí ìmọ́lẹ̀. Òǹkà tí ó bá kó jọ ni wọ́n ń pè ní dátà. (Kì í ṣe dátà tí à ń rà sórí fóònù ní ọjà Ìkòtún ni à ń wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.) Kò sí ohun àràmàǹdà kan nínú rẹ̀. Fóònù tí ó wà lápò ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá ní ẹ̀rọ afura nínú. Òun ni ó ń jẹ́ kí àwòrán yí padà nígbà tí a bá dá fóònù náà ní ìbú.

Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí ka Alímọ̀ṣọ́ kò ṣòro láti rí. Ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn síbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ pé iye náà kéré jọjọ sí òótọ́. Ilẹ̀ Àwórì ni. Ó bá Agége pààlà ní ìhà kan, níbi tí ọ̀pọ̀ gbà pé ijó Shaku Shaku ti jẹ yọ ní nǹkan bí ọdún 2017. Ní ìhà mìíràn kò jìnnà sí Ọ̀tà, ìlú Àwórì tí a mọ̀ mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìgándò sì wà lára ibi mẹ́rin tí ìjọba Akínwùnmí Ambode (2015 sí 2019) kọ́ ilé ìṣeré sí. Àwọn mẹ́ta yòókù ni Oregun, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Ọ̀dọ́ tí ó ń jó ní àdúgbò yìí ti ní ẹ̀rọ afura lápò, ó ní ijó ìgboro lẹ́sẹ̀, ijó àwọn baba rẹ̀ kò sì jìnnà sí i. Ohun tí kò tíì ní ni ẹni tí yóò la bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe kan ara wọn yé e. Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni.

Àwọn kan a máa sọ pé àjèjì pátápátá ni ẹ̀rọ afura jẹ́ sí ijó wa. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹni tí ó bá gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a máa de ṣaworo irin mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Onílù a lu gbólóhùn ìlù kan, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kà. Oníjó ní láti fi ẹsẹ̀ tẹ gbólóhùn náà pé pérépéré, kí ó má ṣáájú, kí ó má gbẹ́yìn, kí ó sì dúró gan-an níbi tí ìlù bá dúró sí. Irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Bí ẹsẹ̀ bá ṣi ilẹ̀ tẹ̀, kò sí ibi tí oníjó yóò sá pamọ́ sí, nítorí pé irin yóò ti dún níbi tí ìlù kò ti dún, gbogbo ọjà yóò sì gbọ́ ọ. Henry àti Margaret Drewal kọ ìwé lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 1983, Babátúndé Lawal kọ tirẹ̀ ní 1996; olùkọ́ tí ó bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì yóò rí i pé àwọn àgbà wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ kí ẹsẹ̀ bá ìlù mu.

Kí wá ni irin ẹsẹ̀ yìí bí kò bá ṣe ẹ̀rọ afura? Ó ń sọ ìrìn ara di ohùn ní ojú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn wa dúró lé. Irin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í dá ọ̀rọ̀ sọ. Ìdáhùn ni ohùn rẹ̀. Ìlù ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí irin tó dún, òǹwòran sì ń gbọ́ méjèèjì, ó ń fi ọ̀kan wọn èkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti wo Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ tí Túndé Kèlání sì darí ní 1999, yóò rántí pé ìlù kan wà níbẹ̀ tí ó ń mọ ọba tí ó dé adé láìṣe orò tí ó yẹ. Ẹ̀rọ afura wo ni ó ju ìyẹn lọ? Ṣùgbọ́n eré ni ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ẹsẹ̀ ènìyàn.

Ní òkè òkun, ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀ràn yìí ni Variations V, tí Merce Cunningham oníjó àti John Cage olórin gbé kalẹ̀ ní New York ní oṣù Keje ọdún 1965. Wọ́n to àwọn ọ̀pá irin tí Robert Moog ṣe sórí ìtàgé, wọ́n sì fi iná àti ojú ẹ̀rọ tí ó ń mọ̀ bí nǹkan bá dí ìmọ́lẹ̀ kún un. Bí oníjó bá ti sún mọ́ ọ̀pá tàbí tí ó gba iwájú iná kọjá, ẹ̀rọ a fura, ohùn a sì lè jáde. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò rò pé oníjó ni ó ń dá orin ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Cage, David Tudor àti Gordon Mumma wà nídìí ẹ̀rọ tí ó ń da ohùn pọ̀. Àwọn ni wọ́n ń pinnu èyí tí etí yóò gbọ́. Èrò Cunningham àti Cage ni pé ijó kò gbọdọ̀ gbára lé orin, orin náà kò sì gbọdọ̀ gbára lé ijó. Kí àwọn méjèèjì kàn pàdé ní ibì kan náà ní àkókò kan náà ni. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò bù ú kù. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e ka òwe àgídìgbo, a ó rí i pé ẹnikẹ́ni kò bá oníjó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohùn ń tẹ̀lé ara. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ara ń dáhùn.

Ọ̀nà yẹn náà ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e tọ̀. Nínú BIPED, ní 1999, Cunningham jẹ́ kí a fi kámẹ́rà gba ìrìn àwọn oníjó, a sì sọ ọ́ di àwòrán tí ó ń jó lójú aṣọ níwájú àwọn oníjó gidi. Ní London, ní 2022, àwọn akọrin ABBA, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn lójú ìtàgé bí ọ̀dọ́, nítorí pé ẹ̀rọ ti gba ìrìn ara wọn sílẹ̀ ṣáájú. Ó yani lẹ́nu. Síbẹ̀, kò sí ohun tí òǹwòran lè ṣe tí yóò yí ohunkóhun padà nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ní òde ijó tiwa, ẹni tí ó bá lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí ti dá sí iṣẹ́ náà. Ìlù yóò yà sí oríkì rẹ̀, oníjó yóò sì yí ẹsẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ẹ̀rọ òde òní ń rí gan-an. Kinect tí Microsoft gbé jáde ní 2010 ń wá oríkèé 20 lára ènìyàn, ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lónìí, a kò tilẹ̀ nílò irú ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní BlazePose, tí àwọn onímọ̀ Google gbé jáde ní 2020. Kámẹ́rà fóònù lásán tó fún un. Àmì 33 ni ó ń wá lára ènìyàn. A ka àwọn àmì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì rọ olùkọ́ kí òun náà kà wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Mọ́kànlá wà ní imú, ojú, etí àti ẹnu. Mẹ́fà wà lára àwọn ìka ọwọ́. Ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ọwọ́, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ àti orí ìka ẹsẹ̀ ní méjì méjì. Èjìká ní méjì, ìbàdí ní méjì. Láàárín èjìká àti ìbàdí, kò sí nǹkan kan: kò sí àyà, kò sí ikùn, kò sí ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ẹni tí ó bá mọ ijó bàtá yóò mọ̀ pé àbùkù ńlá ni èyí. Èjìká àti àyà ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú ijó bàtá wà. Oníjó a tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa gba ìlù kí ẹsẹ̀ tó gbà á. Ẹ̀rọ tí ó ní àmì mọ́kànlá fún ojú, tí kò ní ẹyọ kan fún ẹ̀yìn, ó ti sọ irú ènìyàn tí ó ń retí fún wa: ẹni tí ó kọjú sí fóònù ni, kì í ṣe ẹni tí ó kọjú sí ìyáàlù. A kò sọ pé ẹnikẹ́ni gbèrò ibi. Ṣùgbọ́n gbogbo òṣùwọ̀n ni ó ní ohun tí a tìtorí rẹ̀ ṣe é, lámèyítọ́ kò sì gbọdọ̀ gba òǹkà gẹ́gẹ́ bí ijó láìbéèrè ohun tí a kò kà.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tún wà. Ẹ̀rọ tí ó ń wá eegun ara kò lè rí eégún tí ó ń jó. Nínú eégún tí ó bo orí bo ẹsẹ̀, tí gọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ó ti ń yí, oríkèé kò jẹ mọ́ òǹwòran rárá. Ìrìn aṣọ nínú afẹ́fẹ́ ni iṣẹ́-ọnà náà, a sì ti ṣe é kí ara má baà hàn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a máa di àyà àti ìdí tí kì í ṣe tirẹ̀. Kámẹ́rà yóò máa wá ìbàdí kiri níbi tí oníṣẹ́-ọnà ti mọ̀ọ́mọ̀ fi òmíràn bò ó.

A lè bi wá pé ṣé ẹ̀rọ kò lè gbọ́ ìlù ni. Ó lè gbọ́ ọ. Ní 2021, Cecilia Durojaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí ènìyàn 107 tẹ́tí sí ìlù dùndún ní ìgekúrú 30, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méje. Nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìlù ń fọhùn. Nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù, orin ni. Àwọn 51 tí wọ́n mọ dùndún tẹ́lẹ̀ mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ̀ ọ́n náà gbìyànjú ju ẹni tí ó ń méfò lọ. Agbára ohùn, ìlọsókè àti ìlọsílẹ̀ rẹ̀, àti ìwọ̀n àkókò wà lára ohun tí ìyàtọ̀ náà dá lé, gbogbo èyí ni ẹ̀rọ sì lè wọ̀n. Nítorí náà ẹ̀rọ lè fura pé ìlù ń sọ̀rọ̀.

Mímọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí mímọ ohun tí ó sọ. Ìlù kò ní fáwẹ̀lì, kò ní kọ́ńsónáǹtì. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ó fi ń gbé ọ̀rọ̀. Ẹ wo ìlù, ọ̀nà àti àgbà. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, bákan náà ni ìyáàlù yóò sì pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ó ń jẹ́ kí a mọ èyí tí onílù ní lọ́kàn ni gbólóhùn tí ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀, ìdílé onítọ̀hún àti ohun tí ó gbé e jáde lọ́jọ́ náà. Oníjó ń gbọ́ gbogbo èyí pọ̀, ó sì ń fi ara yan ìtumọ̀ kan. Bí ìlù bá bú u, a lè rí i pé ó gbọ́, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò le. Bí ìlù bá kì í, àyà rẹ̀ yóò là. Bí a bá wò ó báyìí, oníjó ni lámèyítọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ onílù ní. Dátà tí ó gba ìrìn rẹ̀ sílẹ̀ tí kò gba ìlù rẹ̀ dà bí ìwé àlàyé lórí ewì tí a kò tẹ ewì náà mọ́ ọn.

Èyí ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ Qudus Onikeku, oníjó ọmọ Èkó tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣeré ní ilẹ̀ Faransé. Ó dá iṣẹ́ kan sílẹ̀, ó ṣe nínú rẹ̀ nígbà tí ó wà ní University of Florida ní Amẹ́ríkà, orúkọ tí ó sì sọ ọ́ ni Atunda. Ohun tí ó ń lépa ni kí ẹ̀rọ lè dá ìgbésẹ̀ ijó mọ̀, kí a lè mọ ẹni tí ó dá a sílẹ̀, kí onítọ̀hún sì jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yóò dúró lórí orúkọ yìí. Àtúndá ni ẹrú tí ó yí òkúta lu olúwa rẹ̀ láti orí òkè, tí òrìṣà kan ṣoṣo fi fọ́ di púpọ̀. Wọlé Ṣóyínká lo ìtàn náà nínú Idanre ní 1967. Àtúndá náà sì ni dídá nǹkan lẹ́ẹ̀kejì. Orúkọ náà bá iṣẹ́ mu ju bí ènìyàn ti lè kọ́kọ́ rò lọ, nítorí pé ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe sí ijó gan-an nìyẹn: ó ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ìtàn sì tún sọ pé a ṣa àwọn àfọ́kù náà jọ, àti pé láti inú ohun tí a rí ṣà ni ọ̀rọ̀ òrìṣà ti wá. Ohun tí a rí ṣà kì í ṣe gbogbo ohun tí ó fọ́. Ìbéèrè wa fún irú iṣẹ́ yìí, tí a sì fara mọ́ ète rẹ̀, ni pé: nígbà tí a bá ń ṣa àfọ́kù ijó Yorùbá jọ, ta ni yóò ṣa ti ìlù?

Kì í ṣe ìbéèrè àwàdà, nítorí pé owó wà nínú rẹ̀. Ní 2018, olórin 2 Milly àti òṣèré Alfonso Ribeiro wà lára àwọn tí ó pe àwọn tí ó ṣe eré orí kọ̀ǹpútà Fortnite lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà pé wọ́n mú ijó àwọn, wọ́n fi sí ara ọmọláńgidi inú eré, wọ́n sì ń tà á. Àjọ tí ó ń forúkọ iṣẹ́-ọnà sílẹ̀ níbẹ̀ kọ̀ láti gba ti Ribeiro, ó ní ìgbésẹ̀ díẹ̀ tí ó rọrùn ni. Àwọn méjèèjì fa ẹjọ́ wọn sẹ́yìn ní 2019. Ní 2023, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan jẹ́ kí ẹjọ́ Kyle Hanagami lórí irú ọ̀ràn kan náà tẹ̀ síwájú. Ohun tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni bí ìgbésẹ̀ ṣe gbọdọ̀ pọ̀ tó kí a tó lè pè é ní iṣẹ́-ọnà. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1988 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà (òfin ọdún 2022 ti rọ́pò rẹ̀) ka ijó tí ènìyàn tò mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí inú àwa tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ dùn sí gidigidi. Bí ó bá wá jẹ́ lítíréṣọ̀, kí ni gbólóhùn rẹ̀? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dáhùn kí ilé-ẹjọ́ tó béèrè. Ẹ̀kà ni: ọ̀rọ̀ ìlù kan pẹ̀lú ìdáhùn ẹsẹ̀ tí ó bá a mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ó ti dúró. Àwọn méjèèjì ni odidi.

Ẹnikẹ́ni má sì rò pé ti àwọn arúgbó nìkan nìyí. Láàárín 2018 sí 2019, nígbà tí Zlatan gbé Zanku jáde tí gbogbo Èkó ń ju ẹsẹ̀, ohùn inú orin ni ó ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó jó o ní Ìkòtún mọ ibi tí orin ti ń pè wọ́n àti ibi tí ó ti ń fi wọ́n sílẹ̀. Bí a bá yọ orin náà kúrò tí a fi àmì 33 sílẹ̀, ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí ó bá fi ọmọláńgidi jó o yóò kàn máa gbé ẹsẹ̀ sókè láìsí ẹni tí ó pè é.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èyí kọ́ni kò nílò ju fóònù méjì lọ. Kí ọ̀kan kọjú sí oníjó, kí èkejì sì kọjú sí ọwọ́ onílù àti ọ̀sán ìlù rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ohùn ti ń yí padà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀, kí a lè mú àkókò wọn bára. Lẹ́yìn náà, kí a bi onílù ní ohun tí ó lù, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé, kí a sì kọ ìdáhùn oníjó sí ọ̀kánkán rẹ̀: ẹsẹ̀, èjìká, ẹ̀yìn, aṣọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan yóò ní ohun tí yóò kọ nígbà tí ìdánwò bá béèrè àjọṣe ìlù, orin àti ijó, lọ́wọ́ ẹni tí ìwé nìkan kò kọ́. Orúkọ méjì ni kí ó sì wà lókè àkọsílẹ̀ náà, ti oníjó àti ti onílù, kí orúkọ onílù ṣáájú.